Ọ̀mì ní Anse-Outarde

"Ta ni kò dìbò fún Edmée nínú yín?"

Mémé Zélie, ìyá ìyá mi, ló béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìdìbò, nígbà tí gbogbo wa pé sídìí tábìlì rẹ̀ nílé ìdáná. Kò gbójú sókè. Ó ń fi ọ̀bẹ họ èèpo pòtétò lọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ òjò ló ń sọ. Léonce, ọkọ Àǹtí Edmée, tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀. Ìyá mi ń wá ṣúgà tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Àǹtí Edmée fúnra rẹ̀ dìde, ó ní omi tíì ti ń hó. Omi náà kò tíì hó.

Àǹtí mi ló du ipò aṣòfin fún ẹkùn wa, òun àti Ulric Pitre, aládùúgbò wa tó ti wà lórí àga náà láti ìgbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ni, Àǹtí fún ẹgbẹ́ pupa, Ulric fún ẹgbẹ́ búlúù. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, ọ̀mì ni. Iye tí Ulric ní gẹ́lẹ́ ni Àǹtí ní. Ìbò ẹnì kan péré, láti abúlé yòówù kó ti wá, ì bá ti parí ọ̀rọ̀.

Mémé kò wulẹ̀ fura sí àwa ará ilé rẹ̀ lásán. Ó mọ Anse-Outarde, abúlé wa, bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ó mọ ilé tó ń dìbò fún ẹgbẹ́ pupa láti ìgbà baba ńlá wọn, ó mọ èyí tó jẹ́ ti búlúù, ó sì mọ tọkọtaya tí wọn kì í fohùn ṣọ̀kan. Kí ìdìbò tó wáyé ló ti sọ pé Edmée á fi ìbò mẹ́jọ borí nínú àpótí abúlé wa. Àpótí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà lọ́tọ̀. Mẹ́fà ló fi borí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti mú mi nìyẹn. Ìṣirò ni mo kọ́ ní yunifásítì, bí nǹkan kan bá sì ń dín nínú nǹkan, ara mi kì í balẹ̀. Gbogbo ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ ló dìbò lábúlé wa, títí kan Fidèle arúgbó tí wọ́n fi kẹ̀kẹ́ arọ tì wá láàárín yìnyín tó ń yọ́. Bí ẹnì kan bá jókòó sílé, mẹ́jọ á di méje. Ṣùgbọ́n mẹ́fà ló dà. Èyí túmọ̀ sí pé ẹnì kan wà tí Mémé kà mọ́ ti Edmée, àmọ́ tó wọ inú àgọ́ ìdìbò lọ, tó sì kọ àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ Ulric. Ẹnì kan ṣoṣo ni, kì í ṣe méjì.

"Rhéal," ni ìyá mi wí nígbà tó rí ojú mi, "ìbò ìkọ̀kọ̀ ni. Má lọ máa wádìí ọ̀rọ̀ kiri lábúlé."

"Mi ò sọ nǹkan kan, Màámi."

"Ojú ẹ ti sọ ọ́."

Mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, kò sì sẹ́ni tó lè ní kò kan òun. Ilé ẹ̀kọ́ kékeré tó wà lórí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ṣẹ́ kù tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ wa. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọmọ tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ tì í, kí wọ́n máa kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú, níbi tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ti gba gbogbo ẹnu. Àǹtí Edmée ló ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́ náà láti bí ogún ọdún. Ó mọ ọmọ tó máa ń bì tí bọ́ọ̀sì bá yí kọ́nà, ó sì mọ èyí tí kì í jẹun kó tó jáde nílé, ó máa ń fi búrẹ́dì sápò torí tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tì í, ó páàkì bọ́ọ̀sì, ó lọ forúkọ sílẹ̀ láti du ipò. Kò sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn rí láyé rẹ̀.

Ulric náà kò kórìíra ilé ẹ̀kọ́ yẹn. Ibẹ̀ ló ti kàwé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣèjọba, inú ètò ìṣúná ọdún yẹn ni wọ́n sì ki ọ̀rọ̀ náà bọ̀. Bí ìṣúná bá ṣubú nínú Ilé Aṣòfin, ìjọba náà ti ṣubú nìyẹn, wọ́n á kó ẹrù wọn jáde. Ó bẹ̀ wọ́n nínú yàrá ìpàdé ẹgbẹ́ títí, wọn kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n jáde sí gbangba, ó nawọ́ sókè pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ tó padà dé, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà Mémé, ó ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Mémé fún un ní tíì, ṣùgbọ́n kò fún un ní bisikíìtì.

Ní báyìí, gbogbo Erékùṣù, ìpínlẹ̀ wa, ló ń wo abúlé wa. Nínú Ilé Aṣòfin, ẹgbẹ́ pupa ní mẹ́tàlá, búlúù ní mẹ́tàlá, àga ẹkùn wa nìkan ló ṣófo. Aṣojú Ọba wà nínú ilé funfun rẹ̀ létí omi nílùú, ó ń dúró. Kò lè yan ẹni tó wù ú. Ẹni tí orí aṣòfin bá pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa pè, kó ní kó wá ṣèjọba lórúkọ Ọba. Ọba fúnra rẹ̀ wà lókè òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó retí pé kó dá sí i. Àwọn tó wà ní Ottawa, ìjọba àpapọ̀, tiwọn ni èbúté àti edé tó wà nínú omi. Ilé ẹ̀kọ́ kò kàn wọ́n. Àwa la ni ilé ẹ̀kọ́, ọwọ́ àwa náà ló sì wà pé kí ó ṣí tàbí kó tì, bí kò bá jẹ́ ti ọ̀mì yìí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá Ọ́ńkù Léonce ní èbúté. Ó ń tún àwọn pàkúté edé ńlá ṣe, ó kó wọn jọ bí odi.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ọ́ńkù."

"Ọmọ yìí, o ò níṣẹ́ ṣe ni? Mú okùn yẹn dání."

Mo mú un dání. "Mo gbọ́ pé ẹ sọ nílé ọtí pé bí Àǹtí bá wọlé, ìlú ni yóò máa gbé, ẹ̀yin lẹ ó sì máa dáná."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Oo, èmi lo wá mú! Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Láti oṣù tó kọjá ni mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dín ẹyin. Mo ti jó páànù méjì. Ṣé ẹni tó fẹ́ kí ìyàwó òun fìdí rẹmi ló máa ń jó páànù báyẹn?"

Mo yọ Ọ́ńkù kúrò.

Mémé ló kàn. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, mo sì rò ó pé bóyá ìlà ló ṣì. Mo fẹ̀sọ̀ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá jígí rẹ̀ wà lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

"Jígí mi? Ìwọ ọmọ tí mo fi ọwọ́ yìí wẹ̀ fún! Ojú tó ń rí ihò lára ìbọ̀sẹ̀ ẹ láti ibí yìí, ṣé orúkọ ọmọ mi ni kò ní rí? Mo tẹ pẹ́ńsù yẹn títí tó fi kán. Lọ bi ọmọbìnrin tó ń pín ìwé ìbò. Òun ló fún mi ní òmíràn kí n fi parí ẹ̀."

Mo bi í. Òótọ́ ni. Mo bi ẹni méjì, mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú ọgbọ́n, títí ìyá mi fi ní bí òun bá tún gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni, òun á dá mi padà sí yunifásítì nínú àpótí edé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Ulric wọlé wá, bó ṣe máa ń wọlé láti ọdún pípẹ́ wá, láìkan ilẹ̀kùn.

"Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin alátakò mi."

"Nu bàtà ẹ, aṣòfin ìdajì," ni Mémé wí.

"Ṣé wọ́n á fún ìdajì ní tíì?"

Àǹtí Edmée ti bu tíì kó tó jókòó. Ó fi wàrà sí i, ó gbé bisikíìtì tì í, ó fa àga mìíràn wá kó gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn ún lé. Ó ti ilẹ̀kùn torí atẹ́gùn, fọ́tò Ọbabìnrin tó ti wàjà sì yọ sí wa. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni Mémé gbé e kọ́ sí. Ó ní fìlà obìnrin náà wu òun, ṣùgbọ́n àwọn ọba tó jẹ ṣáájú rẹ̀ ló kó àwọn baba ńlá wa sínú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ wọn. Nítorí náà, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, kò gbọdọ̀ yọjú. Ìgbà tí a bá tì í, ó lè bá wa jẹun.

"Bọ̀dá Ulric," mo ní, "ta lẹ̀yin dìbò fún?"

Ìyá mi fọwọ́ lu tábìlì. "Rhéal!"

"Fi í sílẹ̀, kò sí àṣírí níbẹ̀," ni Ulric wí. "Ọkùnrin tó dáa jù lẹ́kùn yìí ni mo dìbò fún. Ó rẹwà, ó gbọ́n, ẹsẹ̀ kan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àǹtí nìkan ló pẹ́ kó tó rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ sì kọ́kọ́ tán.

Ulric yí kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. "Edmée, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé bí mo bá wọlé, mo tún máa bẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n n kò ní purọ́ fún ọ. Wọ́n máa tì í. Bí mo bá sì takò wọ́n, ìjọba á ṣubú, ilé ìwòsàn tí mo ṣèlérí fún àwọn ará Baie-Longue lẹ́kùn yìí á bá a lọ. Àwọn náà ló yàn mí."

"Mo mọ̀, Bọ̀dá Ulric."

"Ṣé o ń bínú sí mi?"

"Kì í ṣe ẹ̀yin ni mò ń bínú sí." Ó dìde, ó tún lọ wo omi.

Adájọ́ tún gbogbo ìbò kà, ìwé kọ̀ọ̀kan, ní ojú agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ méjèèjì. Ọ̀mì ni. Òfin Erékùṣù wa kò sì fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀: bí adájọ́ bá kà á tán tí ó ṣì dọ́gba, kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ṣe é, èèyàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Ìyáàfin MacInnis, alákòóso ìdìbò, wọ ẹ̀wù dúdú bí ẹni ń lọ síbi ìsìnkú. Ó mú owó dọ́là kan tuntun jáde, èyí tí ẹyẹ odò wà lẹ́yìn rẹ̀, tí orí Ọba sì wà níwájú. Ó ní bí orúkọ ìdílé ṣe tò ní ábídí ni òun yóò fi pín in: Doiron ti Edmée ṣáájú Pitre, nítorí náà Ọba jẹ́ ti Edmée, ẹyẹ jẹ́ ti Ulric.

"Gbé e wá kí n wò ó," ni Mémé pariwo láti ìlà iwájú.

Wọ́n gbé e fún un. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó sún un mọ́ jígí rẹ̀. "Ọmọ obìnrin tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi rè é," ó ní. "Òun náà ti dàgbà o." Ó dá a padà. "Ó dáa. Ẹ jù ú. Ó tó àsìkò kó ṣe nǹkan kan fún wa."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́. Mo wo Àǹtí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di àpò rẹ̀ mú bí ẹni di sítíárìn bọ́ọ̀sì mú lórí yìnyín. Nínú àwọn ọmọ tó ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, mélòó kan jókòó sílẹ̀ níwájú, wọ́n ń wò ó. Ètè rẹ̀ ń mì. Èmi rò pé àdúrà ló ń gbà.

Ìyáàfin MacInnis ju owó náà sókè. Ó yẹ kó bọ́ sórí tábìlì. Etí tábìlì ló bà, ó ta, ó yí gbirigbiri kọjá lórí pákó, ó sì wọ abẹ́ dùùrù.

"Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án!"

Ulric àti Léonce ló gbé dùùrù, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, Ulric ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń gbé e ló ń sọ pé òun nìkan ni olóṣèlú tó ń gbé ẹrù kí wọ́n lè rí ibi tí òun ti máa fìdí rẹmi. Ìyáàfin MacInnis kúnlẹ̀ nínú ẹ̀wù dúdú rẹ̀. Ó wò ó, ó tún un wò.

"Ọba ni," ó wí.

Owó náà dùbúlẹ̀ sáàárín eruku, orí Ọba kọjú sí àjà.

Kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀, Ulric ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Àǹtí. Ó ṣí fìlà, ó dì mọ́ ọn. "O ti gba ilé ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀," ó sọ sí i létí, mo gbọ́ ọ. Àǹtí sunkún débi pé jígí ojú rẹ̀ já bọ́. N kò rí ẹni tó sunkún báyẹn nítorí ayọ̀ nìkan rí, ṣùgbọ́n mi ò rò ó jìnnà nígbà yẹn.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìròyìn ti dé láti ìlú: aṣojú Ọba ti pe olórí ẹgbẹ́ wa. Mẹ́rìnlá sí mẹ́tàlá. Olórí ẹgbẹ́ náà bá Àǹtí sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní ilé ẹ̀kọ́ kò ní tì. Àǹtí ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó sì béèrè bóyá ó ti jẹun.

A padà sílé ìdáná Mémé, Ulric náà tẹ̀ lé wa. Mémé ti gbé râpure jáde látinú ààrò, pòtétò rírin tí a pò mọ́ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tí etí rẹ̀ ti yan tó pupa. Etí yẹn ni gbogbo wa máa ń jà sí. Àǹtí mú ṣíbí ńlá. Ó kọ́kọ́ bu igun kan fún Ulric, ó bu igun kan fún Mémé. Ìyá mi gba igun kan, èmi náà gba igun kan. Ó bu ti ẹ̀gbẹ́ fún Léonce.

"Bẹ́ẹ̀ náà ni," ni Mémé wí, ó ń fi fọ́ọ̀kì tẹ etí tirẹ̀. "Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ẹni náà. Ẹnì kan wà lábúlé yìí tí mo kà mọ́ ti ọmọ mi, tó lọ dìbò fún Ulric. Bí kò bá ṣe ti Ọba, ẹni náà ni ì bá ti ilé ẹ̀kọ́ wa pa."

Àǹtí ń ha ìsàlẹ̀ páànù. Ohun tó kù kò ju àárín rírọ̀ tó fọ́ wẹ́wẹ́, òun ló sì ń ṣà fún ara rẹ̀. Àwo rẹ̀ ṣófo níwájú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. N kò tíì rí i kó bu tirẹ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni rí, ì báà jẹ́ ológbò.

Mo gbé fọ́ọ̀kì mi sílẹ̀. Mo ti bi Léonce. Mo ti bi Mémé, mo ti bi Ulric, mo ti bi àwọn tí kò yẹ kí n bi.

"Àǹtí," mo ní, "ẹ̀yin fúnra yín, orúkọ ta lẹ kọ àgbélébùú sí?"

Ṣíbí dúró nínú páànù. Ọrùn rẹ̀ pọ́n, ó gun ojú rẹ̀ lọ.

"Ta ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí?" ó wí. "Wọ́n gbé orúkọ méjì síwájú mi, tèmi àti ti aládùúgbò mi. Ṣé èèyàn á kọ́kọ́ bu sí àwo ara rẹ̀ ni? Ojú tì mí. Mo ní ẹ̀yin pọ̀ tẹ́ ẹ máa dìbò fún mi, ti èmi nìkan kò lè ṣe nǹkan kan." Ó tún ha páànù. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kà á, n kò lè sùn. Mo ń rí àwọn ọmọ yẹn nínú bọ́ọ̀sì ẹlòmíràn."

Oúnjẹ ti há Ulric lọ́fun, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú rẹ̀. "Edmée! Èmi lo dìbò fún?"

"Ẹ má jẹ́ kó gùn yín lórí."

"Kó má gùn mí lórí kẹ̀? Gbogbo ọjọ́ tí mo fi ń ṣe òṣèlú, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ dájú pé ó dìbò fún mi nínú ilé yìí!"

Léonce ti dorí kodò, èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n Mémé kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ lókè jígí.

"Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ó wí.

Ó dìde, ó di etí tábìlì mú, ó gbé igun râpure tirẹ̀, èyí tó pupa jù, ó sì fi í sínú àwo Edmée.

"Jókòó," ó ní. "Jẹun. Àwa á dúró dè ọ́."